Màlúù Tí Kò Sí Nínú Ìwé Bàbá Káyọ̀dé

Wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ kọ nǹkan tí wọn yóò kà nígbà tí a bá ń ṣe ìrántí ọdún kan Bàbá Káyọ̀dé, ọkọ mi. Bọ́lá ni wọ́n gbé e fún, torí òun ló kàwé jù nínú wọn, òun ló sì kọ́ bàbá rẹ̀ àgbà ní kọ̀ǹpútà. Bọ́lá kọ ojú ìwé kan, ó kà á sí mi létí. Ó ní bàbá jẹ́ ẹni jẹ́jẹ́, ó fẹ́ràn Ọlọ́run, ó fẹ́ràn ẹran ọ̀sìn. Mo ní, "Bọ́lá, ta ni o kọ yìí? Òkú wo ni kì í ṣe ẹni jẹ́jẹ́?" Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin ẹ máa sọ ọ́, kí èmi máa kọ ọ́."

Bẹ́ẹ̀ ni èmi tí mi ò mọ̀wé ṣe jókòó tí mò ń sọ̀rọ̀, tí ọmọ ọmọ mi ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀rù sì ń bà mí. Lọ́jọ́ ìrántí yẹn, Ẹmùrè máa kún ilé wa. Ẹnì kan á dìde, á ní bàbá dára o, àfi ti màlúù kan tó fi pamọ́ kúrò nínú ìwé, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá gbogbo wa. Ọ̀rọ̀ màlúù yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ láti ẹnu tèmi kí n tó lọ bá a. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tó jẹ́, torí bí ẹ kò bá mọ ìbẹ̀rù rẹ̀, ẹ kò ní mọ ohun tó ṣe.

Ọkọ mi máa ń bẹ̀rù. Mi ò sọ ọ́ láti fi bú u. Àwọn ọkùnrin mìíràn a máa fi ìbẹ̀rù pamọ́ sábẹ́ fìlà; tirẹ̀ wà lójú rẹ̀ bí ilà. Bó bá ti ilẹ̀kùn, á fi ọwọ́ mì í lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ọkọ̀ bá fẹ́ gbé e lọ sí Ìṣẹ̀, á yí ọkọ̀ náà ká, á wo táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, awakọ̀ á máa pòṣé. Bí ọyẹ́ bá ti fẹ́ mú, á ní kí wọ́n gbá ewé gbígbẹ kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà ọgbà, gbígbá bíi ti àgbàlá ọba, nítorí iná. Bí o bá kí i pé ṣé àlàáfíà ni, á wo ojú ọ̀run, á wo ilẹ̀, á ní, "Ó lè jẹ́." Ibẹ̀ ni wọ́n ti sọ ọ́ ní Bàbá Ó-lè-jẹ́. Àwọn ọmọ iléèwé a máa pè é bẹ́ẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà, á sì dá wọn lóhùn.

Mo mọ ibi tí ìbẹ̀rù náà ti wọlé. Nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ ìjọba, akọ̀wé kékeré ni ní ọ́fíìsì àwọn àgbẹ̀, a ń sin ẹlẹ́dẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Ọ̀sẹ̀ kan péré, gbogbo wọn kú. Ọ̀gá kan láti ọ́fíìsì wọn wá wò ó. Ó ní, "Èwo ló kọ́kọ́ dùbúlẹ̀?" Ọkọ mi ò mọ̀. "Èwo lẹ rà kẹ́yìn? Ibo lẹ ti rà á?" Kò rántí. Ẹni tó ń kọ ìwé fún gbogbo ọ́fíìsì, kò kọ ti ilé ara rẹ̀. Ọ̀gá náà kò bú u, ó kàn mi orí, ó lọ. Bàbá Káyọ̀dé da agbada oúnjẹ ẹlẹ́dẹ̀ dé, ó jókòó lé e, kò jẹun lọ́jọ́ náà. Nígbà tí mo ní kó wọlé, ó ní, "Kì í ṣe ẹlẹ́dẹ̀ tó kú ló ń dẹ́rù bà mí, Ìyá Káyọ̀dé. Ìbéèrè tí mi ò lè dáhùn ni."

Bó ṣe fẹ̀yìn tì, ó ní màlúù lòun máa sìn, lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ tó wà láàárín Ẹmùrè àti Ìṣẹ̀, níbi tí kòkó ti gbó tí kò so mọ́. Ó fi wáyà yí i ká. Ó pín in sí ọgbà mẹ́rin, kí ẹran lè jẹ koríko ọ̀kan nígbà tí ti ìkejì ń hù. Màlúù méje ló fi bẹ̀rẹ̀. Ara àdúgbò bẹ̀rù: wọ́n ní ẹran á jẹ ẹ̀gẹ́ àwọn tán. Wọ́n tún bẹ̀rù Mọ́mọ́dù, ọkùnrin Fúlàní tó gbà pé kó máa bá òun da ẹran. Bẹ́ẹ̀, Mọ́mọ́dù ti pẹ́ ní Ẹmùrè tó fi jẹ́ pé ó ń sọ èdè wa ju àwọn ọmọ tiwa tó wà ní Adó lọ. Ọjọ́ tí àwọn obìnrin kan rí i tí wọ́n sá wọ ulé, ó dúró lójú ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹni tí ẹ̀ ń sá fún yìí, aláǹgbá lòun náà ń sá fún." Òótọ́ ni. Mo ti rí i tó sá fún aláǹgbá.

Ìwé ńlá aláwọ̀ ewé ni ọkọ mi kọ́kọ́ ń kọ àwọn màlúù sí. Eku jẹ ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀yin ò mọ ohun tí ojú mi rí lọ́sẹ̀ náà; ẹ ó rò pé ọmọ ni eku jẹ. Ìgbà náà ni Bọ́lá gbé kọ̀ǹpútà wá láti Ìkẹ́rẹ́ tó ti ń ṣiṣẹ́, ó ṣí nǹkan kan tó ń pè ní síìtì. Ó dà bí àtẹ tí wọ́n fi ìlà pín sí yàrá kéékèèké. Màlúù kọ̀ọ̀kan ní ìlà tirẹ̀. Nínú ìlà náà ni ọjọ́ tí wọ́n bí i wà, ìyá rẹ̀, ọgbà tó wà láàárọ̀, ọgbà tó wà nírọ̀lẹ́, ọjọ́ tó gba abẹ́rẹ́. Mi ò lè kà á, ṣùgbọ́n mo mọ àwọ̀. Àwọ̀ ewé, ara rẹ̀ le. Àwọ̀ òféèfèé, abẹ́rẹ́ rẹ̀ ti tó tàbí ara rẹ̀ kò dá. Pupa, ó ti kú. Láràárọ̀ mo máa ń yọjú lẹ́yìn rẹ̀. Bí mi ò bá rí pupa, mo á lọ dáná.

Ìka kan ló fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni ń dán ata gbígbóná wò. Ó bẹ̀rù pé ẹ̀rọ náà á gbàgbé, ó sì ní kí Bọ́lá fi ẹ̀dà kan sínú nǹkan kékeré bí ìka ọwọ́, tó so mọ́ ọrùn. Ẹ̀dà kan tún wà lọ́dọ̀ Káyọ̀dé, ọmọ wa, ní Adó. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, okùn yẹn a máa yọ lábẹ́ agbádá rẹ̀, olùṣọ́-àgùntàn wa sì bi í léèrè lọ́jọ́ kan bóyá oògùn ni. Ó ní, "Oògùn ìgbàgbé ni."

Bàbá Àlàbá, tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ bá wa pààlà, gbé ewé ẹ̀gẹ́ tí ẹran ti jẹ wá lọ́jọ́ kan. Ó dà á sílẹ̀ níwájú ọkọ mi. Ó ní, "Bàbá Ó-lè-jẹ́, ó ti jẹ́ o. Màlúù rẹ ti jẹ ẹ́."

Ọkọ mi ní kó fara balẹ̀. Ó ṣí kọ̀ǹpútà.

"Kí lo ń ṣí yẹn sí? Ṣé òun ló máa bá mi jẹ gaàrí?"

"Jẹ́ kí n wò ó."

"Wò ó, wò ó. Mo ti mọ̀ pé irọ́ ló máa pa, ìwọ lo kọ́ ọ."

Ọkọ mi wò ó pẹ́. Bàbá Àlàbá kò mọ̀wé; bó bá ní kò sí nǹkan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní, "Ẹran kan wà tí mi ò rí ọgbà tó sùn nírọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ṣófo. Ó lè jẹ́ òun." Ó di igi ẹ̀gẹ́ bí ìdì mẹ́ta, ó gbé e lọ sí oko Bàbá Àlàbá, ó fi orúnkún rẹ̀ tó ń dùn ún kúnlẹ̀, ó ń tún un gbìn, títí ojú fi ti ẹni tó wá jà. Mo bínú. Mo ní ta ni á mọ̀ bó bá dákẹ́? Ó ní, "Ìwé tí kò lè bá mi wí, kì í ṣe ìwé."

Ẹ wá gbọ́ ti èmi báyìí.

Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n ti bí mi. Ìyá mi kì í ka adìyẹ. Bí àwọn òròmọdìyẹ bá yọ, tí o bi í pé mélòó ni, á ní wọ́n pọ̀ díẹ̀. Bó bá di dandan pé kó kà wọ́n, á fi ọ̀kan sílẹ̀ láìkà, á ní ohun ẹlẹ́mìí, a kì í kà á pé, kí ojú tó ń wá àṣepé má baà rí i. Wàrà yẹn ni mo mu dàgbà. Ọmọ márùn-ún ni mo bí. Obìnrin kan wá kí mi nígbà tí mo bí ìkarùn-ún, ó nàka sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ó ní Ọlọ́run ti ṣe é fún yín. Mo gbọ́ kíkà náà nínú egungun mi. Iṣu tuntun kò tíì jáde tí Dáre, ìkẹta wọn, fi kú. Ibà ni wọ́n pè é. Èmi ò pè é ní ibà.

Nítorí náà, lọ́jọ́ kìíní tí Bàbá Káyọ̀dé fẹ́ ka màlúù sínú kọ̀ǹpútà, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Mo ní, "Ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀."

Ó ní, "Nítorí kí ni?"

"Ẹ mọ nítorí kí ni. Ẹ jọ̀ọ́. Nítorí Dáre."

Mi ò rò pé ó fẹ́ sọ ohun tó sọ. Ó ti wà níkùn rẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, bóyá ara rẹ̀ ló ń sọ ọ́ fún, kì í ṣe èmi. Ó ní, "Kíkà kọ́ ló pa Dáre. Ọjọ́ tí ara rẹ̀ fi gbóná ni a kò kà."

Mi ò bá a sọ̀rọ̀ fún bí oṣù kan. Oúnjẹ rẹ̀, mo á gbé e kalẹ̀, mo á kan tábìlì gbà, gbà, kó mọ̀ pé ó ti délẹ̀.

Bọ́lá, má dáwọ́ dúró. Ibi tí a ń lọ nìyí.

Ojú bàbá rẹ àgbà ti ń ṣe bàìbàì nígbà náà, orúnkún kò sì jẹ́ kó wọ àárín ẹran mọ́. Bó ṣe ń ṣe é ni pé, láràárọ̀ Sátidé, á gbé àga sí ẹnu ọgbà lábẹ́ igi máńgòrò. Mọ́mọ́dù á máa da ẹran kọjá, á máa pe nọ́ńbà tó wà létí wọn, òun á máa tẹ̀ ẹ́. Ohun tí Mọ́mọ́dù bá pè ni kọ̀ǹpútà mọ̀.

Abo ọmọ màlúù kan ni wọ́n bí láàárọ̀ ọjọ́ kan tí èmi àti Mọ́mọ́dù nìkan wà níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú síbi ìbí. Ó funfun, ó ní àmì dúdú kan níwájú orí. Mo fi aṣọ nù ún. Mo ní, "Mọ́mọ́dù, má pe eléyìí." Ó wò mí. Mọ́mọ́dù mọ màlúù kọ̀ọ̀kan lójú bí ẹni mọ àwọn àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n òun náà, ẹnu rẹ̀ kì í yá láti kà wọ́n. Ó ní bàbá òun ò kà rí. Ó ní, "Màmá, bí Bàbá bá bèèrè ńkọ́?" Mo ní, "Kò ní bèèrè ohun tí kò mọ̀." Ó sọ fún ọkọ mi pé ìyá kú pẹ̀lú ọmọ inú rẹ̀. Mo sọ ọmọ náà ní Àbẹ̀kẹ́. Apá ìsàlẹ̀, létí odò, níbi tí mo ti ń kó kòkó díẹ̀ tó kù, ló ń gbé. Bí dókítà ẹran bá fẹ́ wá fún wọn lábẹ́rẹ́, Mọ́mọ́dù á fà á lọ sẹ́yìn odò.

Ọkàn mi balẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìyẹn. Láti ìgbà tí mo ti sin Dáre, ìgbà náà nìkan ni mo ń sùn. Bí mo bá wo síìtì rẹ̀ tí mo rí àwọ̀ ewé lọ́tùn-ún lósì, mo máa ń sọ nínú mi pé kò pé, ó ku ọ̀kan, ikú ò ní rí i kà.

Àbẹ̀kẹ́ dàgbà, ó bímọ. A sọ fún bàbá pé màlúù mìíràn ló bí i. Irọ́ kan ti bí ìkejì. Ó ní wàrà púpọ̀, mo ń fún un, mo ń fún àwọn ará ilé mu. Ìfẹ́, ọmọ Bọ́lá, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rin lọ, ó bá wa lo ìsinmi, ó ń mu ún láàárọ̀, ẹnu rẹ̀ á funfun.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni. Mọ́mọ́dù wá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ojú rẹ̀ ti yí. Àbẹ̀kẹ́ ti kú. Ó jẹun dáadáa nírọ̀lẹ́ àná. Ikùn rẹ̀ ti wú, ẹ̀jẹ̀ dúdú ń jáde ní imú rẹ̀, kò sì dì. Kí n tó ronú ohun tí mo fẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ ti tàn kálẹ̀. Ẹ mọ̀ bó ṣe ń rí bí màlúù bá kú lábúlé. Wọ́n ti dé pẹ̀lú ọ̀bẹ àti báàfù. Bàbá Àlàbá ló ṣáájú, ó ń pọ́n ọ̀bẹ rẹ̀ lára òkúta, ó ń ní kí àwọn obìnrin lọ gbé omi kaná.

Bọ́lá wà nílé lọ́jọ́ náà. Òun ló di bàbá rẹ̀ àgbà mú wá, òun ló gbé kọ̀ǹpútà. Ọkọ mi ní, "Nọ́ńbà wo ló kú?"

Mọ́mọ́dù ń wò mí.

"Mo ní nọ́ńbà wo?"

Ó ní kí wọ́n da àwọn tó kù kọjá. Wọ́n dà wọ́n kọjá, Mọ́mọ́dù ń pè wọ́n. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọkọ mi wo síìtì rẹ̀. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀. Ó ní, "Màlúù mi pé. Èyí tó kú yìí, ti ta ni?"

Ó yí ojú rẹ̀ tó ń ṣe bàìbàì náà wá sọ́dọ̀ mi. Mo rí i pé ó ti mọ̀. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀.

Bàbá Àlàbá ní, "Ti ẹnikẹ́ni tó bá jẹ́, ẹran ti tó ó jẹ. Ẹ sún."

Ọkọ mi kò sún. Ẹni tó ń bẹ̀rù àtisọdá odò kékeré, ó rìn lọ síwájú àwọn ọ̀bẹ yẹn, ó fi ọ̀pá rẹ̀ múlẹ̀, ó rọra jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, láàárín wọn àti òkú ẹran. Ó ní, "Kò sí nínú ìwé mi. Mi ò mọ ohun tó wà nínú ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa jẹ ẹ́."

"Bàbá Ó-lè-jẹ́, dìde. Ṣé o fẹ́ kí ẹran ṣòfò ni?"

"Ó lè jẹ́ ikú ló wà níbẹ̀."

"Ó sì lè jẹ́ ọbẹ̀."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Òun kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó títí dókítà ẹran fi dé láti Ìkẹ́rẹ́, oòrùn ti gun orí. Obìnrin ni dókítà náà, ó rí ẹ̀jẹ̀ imú ẹran, ó sì sún gbogbo wa sẹ́yìn. Ó ní àìsàn áńtíráàsì ni òun fura sí, tó máa ń farapamọ́ sínú ilẹ̀, tó ń wọ ẹran, tó ń ti ara ẹran wọ ènìyàn. Bí ẹnikẹ́ni bá ti gé ẹran yẹn, ó ní òun ì bá máa ka òkú. Ó ní, "Ṣé ó gba abẹ́rẹ́?"

Ọkọ mi ní, "Kò gbà á."

"Bàbá, ẹ̀yin tí ẹ máa ń kọ ìgbà tí ẹran bá húkọ́? Báwo ni ẹyọ kan ṣe bọ́ lọ́wọ́ yín?"

Mo la ẹnu láti sọ ọ́. Ọkọ mi ti ṣáájú mi.

"Kò bọ́. Èmi ni mo yọ ọ́ kúrò. Ohun ẹlẹ́mìí, a kì í kà á pé."

Ọ̀rọ̀ ìyá mi ló mú sẹ́nu yẹn, níwájú gbogbo ènìyàn, òun tó ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà náà bá a wí bí ẹni ń bá ọmọ wí. Bàbá Àlàbá tutọ́ sílẹ̀. Ọkọ mi ń mi orí, ó ń ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ṣeun. Bẹ́ẹ̀ ni." Mo dúró síbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan.

Wọ́n fi igi sun Àbẹ̀kẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú, wọ́n gbẹ́ kòtò jíjìn, wọ́n da ẹfun lé e. Ibi tí ẹ̀rù tòótọ́ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹran ti lọ, ó ku àwa tó fọwọ́ kàn án, àwa tó mu wàrà rẹ̀. Dókítà ní kí gbogbo wa lọ gba oògùn, kí a máa ṣọ́ ara wa: ibà, tàbí egbò tí àárín rẹ̀ dúdú.

Ọkọ mi ní kí Bọ́lá ṣí síìtì tuntun. Ó ní, "Kọ orúkọ gbogbo wọn."

Mo gbá ọwọ́ Bọ́lá mú. Mo ní, "Ẹ kò ní ka ọmọ mi. Ẹ kò ní ka Ìfẹ́."

"Ìyá Káyọ̀dé, jọ̀wọ́ ọwọ́ rẹ̀."

"Ẹ kà á, kó wá kú?"

Kò pariwo mọ́ mi. Ó ní kí Bọ́lá fi orúkọ òun sí òkè pátápátá, kí ó jẹ́ pé bí ojú burúkú bá wà tó ń ka ènìyàn, òun ló máa kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹni tí a bá kà, bó bá sọnù, a ó wá a. Ẹni tí a kò kà ni ukú ń mú jẹ́jẹ́."

Ènìyàn mọ́kànlá ni. Láràárọ̀, a ó tò síwájú rẹ̀ bí ẹran, á ní kí Bọ́lá wo apá wa, ọrùn wa, á ní kó fi ọwọ́ kan iwájú orí wa, kó tẹ̀ ẹ́. Èmi náà ń tò. Mi ò lè jẹun. Bí mo bá fọwọ́ kan ohun tí ọmọ fẹ́ jẹ, mo ń wo ọwọ́ mi bí ejò. Ní ọjọ́ kẹta, Bọ́lá fọwọ́ kan orí Ìfẹ́, ó sì mú un kúrò kíá. Ìlà ọmọ náà di òféèfèé.

Mo mọ ara gbígbóná yẹn. Ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n láti ọdún wọ̀nyí wá. Èmi, nígbà ti Dáre, mo ní kí a wò ó di ọ̀la. Ọkọ mi kò ní kí a wò ó di ọ̀la. Ó ti dìde láìdi ọ̀pá mú, ó ń pe ọlọ́kadà, kò sì wo táyà rẹ̀. A gbé ọmọ dé ilé ìwòsàn kí oúnjẹ àárọ̀ tó jinná. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Mo jókòó lórí bẹ́ǹṣì, mò ń sọ fún Ọlọ́run pé èmi ni kó mú. Ibà lásán ni. Wọ́n fún un lóògùn, ó sùn. Lọ́jọ́ karùn-ún, egbò yọ lápá Mọ́mọ́dù, àárín rẹ̀ dúdú. Torí pé a rí i ní òwúrọ̀ tó yọ, dókítà ní ó bọ́. Ó san. Nígbà tí ọjọ́ tí wọ́n dá pé, Bọ́lá gbé kọ̀ǹpútà sí mi níwájú. Ìlà mọ́kànlá, àwọ̀ ewé láti òkè délẹ̀. Ọkọ mi wà lẹ́yìn mi. Ó ní, "Wọ́n pé. Kò sì ṣẹlẹ̀."

Ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gba ìwé wọn kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Òun ni akọ̀wé wọn. Wọ́n ní ẹni tó fi màlúù pamọ́, kí ni kò lè fi pamọ́? Ó gbé ìwé náà fún wọn, ó ti fi aṣọ nù ún. Láti ìgbà náà, tí ó bá ń kọjá, wọn kì í pè é ní Ó-lè-jẹ́ mọ́. Bàbá Ẹyọ-Kan ni wọ́n ń pè é. Kò dá wọn lóhùn.

Ẹ̀ẹ̀kan péré la sọ ọ́. A ń yọ ẹ̀gúsí. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ kò jẹ́ kí n sọ ọ́ fún wọn?"

Ó ní, "Ṣé o fẹ́ sọ ọ́ ni?"

Ó yọ ẹ̀gúsí mélòó kan sí i. Ó ní, "Wọn á ní ìwọ lo fẹ́ pa ọmọ. Wọn kò ní mọ̀ pé torí Dáre ni. Èmi mọ̀. Ẹ̀rù ló mú ọ fi pamọ́, ẹ̀rù ló mú mi kọ̀wé. Ẹ̀rù kan náà ni."

Lórí àga rẹ̀ ló kú sí, lábẹ́ máńgòrò, kò pariwo. Okùn yẹn ṣì wà lọ́rùn rẹ̀.

Bọ́lá ti dáwọ́ dúró. Ó ń wò mí. Ìfẹ́ ọmọ rẹ̀ wà níta, mò ń gbọ́ ohùn rẹ̀. Bọ́lá ní, "Màmá, ṣé kí n kọ eléyìí?"

Mo ní, "Ṣé o kò tíì kọ ọ́ ni?"

"Mo ti kọ ọ́. Mo ní, ṣé kí wọ́n kà á síta?"

Mo ní kí wọ́n kà á. Kí Bàbá Àlàbá gbọ́. Kí ẹgbẹ́ àgbẹ̀ gbọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ tutọ́, ojú mi nìyí. Mo sì ní kó ṣí síìtì àwọn màlúù, ti ọdún yẹn gan-an. Ó ṣí i. Mo ní kó fi ìlà kan kún un nísàlẹ̀. Orúkọ: Àbẹ̀kẹ́. Àwọ̀: funfun, àmì dúdú níwájú orí. Abẹ́rẹ́: kò gbà á. Ó fi pupa sí i. Ó ní yàrá kan ṣẹ́ kù, ibi tí wọ́n ti ń kọ àlàyé. Mo ní kó kọ ọ́ síbẹ̀ pé Rẹ̀bẹ́kà, ìyàwó rẹ̀, ló fi í pamọ́.

Ó tẹ̀ ẹ́ tán. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì. Ó ní, "Màmá, méjìlélọ́gbọ̀n. Ó ti pé."

Mo tún gbọ́ kíkà náà nínú egungun mi. Ṣùgbọ́n mi ò ní kó yọ ọ̀kan kúrò.